Ẹni Tí Kò Bá Ná Alágẹmọ Hameedat

Gbogbo ọlọ́jà Bàrígà ló ń bínú sí oníbàárà tó bá nájà jù. Hameedat Ràmọ́nù nìkan ló ń lé ẹni tí kò bá nájà. Kí èèyàn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kó béèrè iye tó ń ta alágẹmọ kan, kó gbọ́ iye náà tán, kó wá ki ọwọ́ bàpò láìsọ pé "ẹ dín in kù fún mi", ó parí. Ojú Hameedat á yí padà. Á ní ara ẹran náà ò yá, tàbí pé ẹnìkan ti bá òun sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Á sì dúró lẹ́nu géètì títí onítọ̀hún á fi yà ní kọ̀rọ̀, kó má baà ṣẹ́rí gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Ìwé dídì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tó ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, tó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn rán èyí tó bá nípọn. Nílé, alágẹmọ ló ń sìn. Yàrá méjì ló háyà lọ́nà Ìlàjẹ, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń gbé òórùn ẹja yíyan wọlé. Òun àti Faridah ọmọ rẹ̀ ló ń sùn nínú ọ̀kan kí Faridah tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì Ìlọrin. Èkejì, ti àwọn alágẹmọ ni.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni o. Alágẹmọ kì í mu omi inú abọ́. Omi tó bá ń kán lórí ewé ló ń lá, nítorí náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, Hameedat á máa fi ìfọ́nmi wọ́n ewé bí ẹni tó ń lọṣọ. Ìrẹ̀ ni àwọn àgbà ń jẹ, ó sì ń sin ìrẹ̀ náà sínú ike. Kantíkantí ni àwọn ọmọ ọwọ́ ń jẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà ló sì fi ń pe kantíkantí jọ. Á lọ èèpo ẹyin kúnná, á bù ú lé oúnjẹ wọn lórí kí egungun wọn lè le. Olúkúlùkù sì gbọ́dọ̀ ní ilé tirẹ̀, nítorí alágẹmọ kì í fẹ́ rí alágẹmọ. Tí méjì bá ń wo ara wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á dúdú, wọn ò ní jẹun mọ́, bó bá pẹ́, wọ́n á kú.

Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Hameedat ò gbà. Lóòótọ́ ni pé ìyá alágẹmọ á gbẹ́lẹ̀, á yé ẹyin, á bo yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn, á sì bá tirẹ̀ lọ láìbojúwẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Hameedat ní ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé akọ sún mọ́ abo, ọrùn ẹni náà ni àìmọ̀ọ́jó ọmọ wà. Ìdí nìyẹn tó fi di ìwé ńlá kan fún ara rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pákó, tó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá gba alágẹmọ lọ́wọ́ rẹ̀ sí, àti àdúgbò, àti nọ́ńbà fóònù. Á fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kun èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹran náà kó má baà ṣì í mọ̀. Á wá sọ fún ẹni tó gbà á pé: "Màá máa wá wò ó. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Mi ò sì ní sọ ọjọ́ tí mo máa wá." Gbogbo wọn ló máa ń dáhùn pé, "Ẹ máa bọ̀, mà. Ilé ò tì."

Ìyá rẹ̀ ló kó ìfura wọ̀ ọ́ lára. Lékúlejà ni ìyá náà l'Ábẹ́òkúta, orí ọ̀bọ àti awọ ejò àti alágẹmọ gbígbẹ ló kún orí àtẹ rẹ̀, ibẹ̀ ni Hameedat sì dàgbà sí. Ìyá náà kọ́ ọ pé bí ẹnìkan bá wá ra alágẹmọ láàyè tí kò ná an, kó má bi í léèrè ohunkóhun. Irú oògùn tí onítọ̀hún fẹ́ ṣe ló ní èèwọ̀ bẹ́ẹ̀. Iye tí ọlọ́jà bá pè ni wọ́n ń san. Bí wọ́n bá ná an pẹ́nrẹ́n, oògùn náà ò ní jẹ́.

Nígbà tí Hameedat wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, alágẹmọ ààyè kan wà tí wọ́n so mọ́ òpó ìsọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń pa eṣinṣin fún un. Lọ́jọ́ kẹrin, ọkùnrin kan dé tó wọ bàtà dídán, ó béèrè iye rẹ̀, ó sanwó, ó tún kí i pé, "O ṣeun, ọmọ dáadáa." Bí ẹran náà ṣe wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ńṣe ló dúdú bí ìdí ìkòkò. Hameedat ò gbàgbé àwọ̀ náà títí dòní. Ó ní òun lè gbọ́ igbe lára àwọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu.

Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ó rí ọkùnrin kan létí títì ní Bàrígà tó so alágẹmọ méjì rọ̀ sórí igi tó ń kiri wọn. Inú bí i débi pé ó ra méjèèjì lójú ẹsẹ̀, kò ná wọn rárá. Ọkùnrin náà ṣẹ́jú sí i, ó ní, "Á jẹ́ bí idán o, mà." Hameedat ò tilẹ̀ fetí sí i. Nínú àwọn méjì yìí ni gbogbo agboolé alágẹmọ ti ṣẹ̀. Ó sin ẹyin wọn sínú yanrìn tútù nínú abọ́ áísíkiriìmù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, oṣù méje ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí ìkòkò ẹ̀wà wà lórí iná. Ọjọ́ tí àkọ́kọ́ yọ orí, tí kò ju èékánná ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, abo méjì ló yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹyin ọ̀hún ló sì pa. Ogójì ó lé kan. Ilé onínẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀ ò ju ogún lọ. Hameedat kó páálí láti ibi iṣẹ́, ó fi ń la ilé kan sí méjì, ó ń la òmíì sí mẹ́ta, ó ń to wọn lé ara wọn títí wọ́n fi kan àjà. Faridah ní kó wá ibi fún wọn, ó bá a kọ ọ́ sórí fóònù pé kí àwọn tó fẹ́ràn ẹran wá. Àwọn èèyàn wá. Ìyá Faridah wo ọwọ́ wọn, ó wo bàtà wọn, ó wo ojú wọn, ó sì lé ọ̀pọ̀ wọn padà. Bí ẹnìkan bá wọ òrùka méjì, ó lé e. Bí ẹnìkan bá béèrè pé ṣé ó wà láàyè dáadáa, ó lé e. Ìfura loògùn àgbà, òun náà ń mu oògùn yìí láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Èyí tó ń já a láyà jù nínú wọn ni Àdùkẹ́. Abo ni, ọmọ ọdún tó kọjá, ó ní àpá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì níbi tí wáyà ti fà á ya. Òun ló kọ́kọ́ jẹun láti ọwọ́ Hameedat. Báyìí, ó ti di ọjọ́ mẹ́jọ tí Àdùkẹ́ ò ti jẹ nǹkankan, ojú rẹ̀ ti wọnú. Hameedat mọ ohun tó ń ṣe é. Kò sí ibi tó lè kọjú sí nínú yàrá yẹn tí kò ní rí ẹlòmíì. Ilé mìíràn ló lè gbà á là, ilé mìíràn sì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Hameedat. Bó bá fi í fún ẹni burúkú, ikú ni. Bó bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ikú ni.

Ẹnìkan péré ló yege lákòókò yẹn, ọmọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Wonder. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ dùn. Hameedat pe iye, Wonder sì fò sókè.

"Mọ́mì! Ṣé góòlù ni wọ́n fi ṣe eyín rẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú ọmọ yín wò mí."

Ó dá iye kan, Hameedat kọ̀. Ó jáde, ó padà. Ó tún jáde, ó tún padà. Ìdajì wákàtí ló fi ná an, bó sì ṣe ń ná an ni ọkàn Hameedat ń balẹ̀. Akọ méjì tó ti balẹ̀ dáadáa ló kó fún un, ó fi kútẹ́ẹ̀sì kùn wọ́n lẹ́sẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó sì sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni bàbá àgbàlagbà kan dé. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan dání, ó fi aṣọ funfun bo apẹ̀rẹ̀ náà. Aṣọ funfun yẹn ni Hameedat kọ́kọ́ rí.

"Ẹ káàsán o, ìyá. Ṣé ibí ni wọ́n ti ń sin alágẹmọ?"

"Ẹ káàsán, sà. Ta ló júwe ibí fún yín?"

"Orí fóònù ni mo ti rí nọ́ńbà. Èmi ni mo pè yín lọ́jọ́ Túsìdeè, tí ẹ ní àwọn ọmọ yín ń jẹun lọ́wọ́, kí n jẹ́ kí wọ́n jẹun tán. Oyèbísí lorúkọ mi. Ọbaníkòró ni mò ń gbé, àmọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí."

Hameedat mú un wọlé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá. Ilé mẹ́ta péré ló gbé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá tẹ̀ ba, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá nawọ́ sí Àdùkẹ́.

"Èyí tó ní àpá yìí ńkọ́? Ẹni tó ti dàgbà díẹ̀ ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ ọmọ ọwọ́."

Hameedat fà sẹ́yìn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, àwọn kan máa ń wá tó jẹ́ pé ẹran tó ní àmì lára ni wọ́n máa ń béèrè. Ó pe iye. Ó mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní ìlọ́po méjì iye tó pè fún Wonder.

Bàbá mi orí. "Kò burú." Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lápò.

"Ẹ ò ní ná an ni, sà?"

"Ná kí ni? Ṣebí ẹ ti sọ iye rẹ̀."

"Tó bá wá kú lọ́wọ́ yín ńkọ́? Kí lẹ máa fi òkú rẹ̀ ṣe?"

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n béèrè ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Èèyàn á sin ín ni. Kí ni wọ́n ń fi òkú ṣe?"

Hameedat rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé olóògùn tó bá gbọ́n, kò lè dáhùn jù báyẹn lọ. Ó gbé Àdùkẹ́ kúrò nílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mo gbàgbé ni. Ẹnìkan ti bá mi sọ èyí tẹ́lẹ̀."

Bàbá Oyèbísí dìde nílẹ̀. Kò bínú, ìyẹn gan-an tún wá burú sí i lójú Hameedat. Ó sọ òpópónà rẹ̀, ó ní géètì aláwọ̀ ojú ọ̀run ni òun ní. "Bí ẹni tó bá yín sọ ọ́ ò bá wá, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti rí mi." Ó tún aṣọ funfun dà bo apẹ̀rẹ̀, ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Hameedat tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹ gbọ́ o, obìnrin tó lọ́mọ ní yunifásítì, ó ń sá pamọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá nítorí bàbá arúgbó. Ó ń wò ó bóyá á yà sí ìsọ̀ lékúlejà. Bàbá ò yà síbẹ̀. Ibi ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ló yà sí, ó ṣa èyí tó ti rà pátápátá, èyí tí ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fẹ́ kó dànù, ó rà á. Hameedat ní, "Ẹ ò rí i? Ta ló ń fowó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ rírà?" Òun fúnra rẹ̀ lẹni tó ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ rírà jù ládùúgbò náà, kò sì rántí rárá.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ méjì tí Wonder ti lọ, ó pè é, fóònù ò lọ. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó wá àdírẹ́sì tó kọ sínú ìwé lọ sí Ṣómólú, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ló bá níbẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ sì ní àwọn ò mọ Wonder kankan. Hameedat padà sí ibi iṣẹ́. Ó ròyìn fún Dọlápọ̀, tí wọ́n jọ ń dìwé lórí tábìlì kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge.

"Wonder?" Dọlápọ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ọmọkùnrin pupa yẹn, tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì ìgò àgbo níbí? Àbí o ò mọ̀ ọ́n ni? Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn lọ́jọ́ tí ò ń fọ́nnu fún mi pé o ti mọ bí a ṣe ń dá olóògùn mọ̀, pé wọn kì í nájà. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Tiẹ̀ ló pọ̀ jù."

Hameedat ò dúró gba àyè. Ó gba Bàrígà lọ tààrà sí ìsọ̀ Fàsílátù, lékúlejà tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta kó tó wá dá tirẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó. Kò kí i dáadáa. Ó ń wo orí àtẹ. Láàárín orí ẹyẹ àti èèpo igi, alágẹmọ gbígbẹ mẹ́fà tò sílẹ̀, ìrù wọn ká. Ó gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn méjì nínú wọn, kútẹ́ẹ̀sì pupa wà níbẹ̀, ó ṣì ń dán.

"Ta ló kó àwọn yìí wá, Àǹtí Fàsílátù?"

"Ọmọkùnrin kan báyìí ni. Ó ná mi lóná burúkú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ ìborùn mi lọ."

"Ó ná èmi náà." Hameedat ò gbé méjèèjì sílẹ̀. "Ìyá mi ní ẹni tó fẹ́ ṣe oògùn kì í ná an."

Fàsílátù rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé tó ṣi ìṣirò ṣe. "Ẹni tó fẹ́ lò ó ni kì í ná an, Hameedat. Ẹni tó fẹ́ tún un tà, tí kò bá ná an, kí ló fẹ́ jẹ lérè? Ṣé ìyá ẹ ò sọ ìyẹn fún ẹ ni?"

Hameedat kó méjèèjì sọ́tọ̀. Ó ní kí Fàsílátù di méjèèjì fún òun, iye tó pè ló san, kò ná an. Fàsílátù gbójú sókè, ó wò ó lọ títí; ojú yẹn ni Hameedat ti fi ń wo àwọn èèyàn láti ọdún mẹ́fà. Ìgbà yẹn ló wá rántí ọkùnrin tó ṣẹ́jú sí i létí títì. Òun náà ò ná ti ọjọ́ yẹn, kí wọ́n lè wà láàyè ló sì fi rà wọ́n. Ó sin àwọn méjì náà sí ẹ̀yìn ilé nídìí ògiri, níbi tó ń sin àwọn tó bá kú sí, ó gbé òkúta kékeré lé ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe.

Àdùkẹ́ ti wà ní ọjọ́ kẹtàlélógún láìjẹun. Omi díẹ̀ nìkan ló ń lá, orí igi kò sì wù ú mọ́, ilẹ̀ ló ń wà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò ti jáde, Hameedat wọ ọkọ̀ kọjá Igbóbì lọ sí Ọbaníkòró. Kò gbé Àdùkẹ́ dání. Ìfura ò tíì tán lára rẹ̀, ó fẹ́ kọ́kọ́ wo ilé náà. Ó rí géètì aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó fojú sí ihò rẹ̀. Lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé onínẹ́ẹ̀tì kan wà tó ga ju èèyàn lọ, pákó rẹ̀ jókòó léra bí ẹni fi ọwọ́ kan dà á. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n gbìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Yanrìn wà nísàlẹ̀, ó jìn tó ibi tí abo lè yé ẹyin sí. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré kan kọ́ sókè, wọ́n lu ìdí rẹ̀, omi ń kán láti ibẹ̀ sórí ewé, kán, kán, kán. Kò sí ẹran kankan nínú ilé náà. Omi náà ń kán lásán ni.

Hameedat kan géètì. Bàbá Oyèbísí yọ síta, ó pẹ́ kó tó rí àgádágodo ṣí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n bí ewé. Ìgbà tó sì ṣí i tán, kò ṣí i ju bí orí èèyàn ṣe lè gbà lọ.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà."

"Ẹ kú ọ̀sán. Ẹni tó bá yín sọ ọ́ ò wá mọ́?"

"Kò wá mọ́, sà."

"Kí ló dé? Ó rí nǹkan lára rẹ̀ ni?"

Hameedat ò retí ìyẹn. Ó ní rárá, ó ní òun ti wo ilé tí bàbá kàn, òun ò rí irú rẹ̀ rí. Bàbá ní káfíńtà ni òun kí ọwọ́ òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ní ìdí tí òun ò fi fẹ́ ọmọ ọwọ́ nìyẹn, ọwọ́ yìí ò lè bá kantíkantí jìjàkadì. Ó ṣì di géètì mú.

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n béèrè. Kí ló dé tí ẹ ò ná an?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ọmọ yín ni wọ́n. 'Àwọn ọmọ mi ń jẹun lọ́wọ́,' bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí." Ó wò ó lójú. "Nílé tiwa, a kì í ná ọmọ ọlọ́mọ."

Hameedat wolẹ̀. Ojú tì í débi tó fi ń fi ìka ẹsẹ̀ walẹ̀ bí ọmọdé.

"Lọ́jọ́sí, ẹ wò mí bí olè," ni bàbá wí. "Lónìí ẹ̀yin lẹ wá ń wá mi kiri. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ, ìyá. Ẹ ò jẹ́ kí n kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ níjelòó. Màá kọ́kọ́ wo ibi tó ti ń bọ̀ ná."

Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun àti apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Hameedat ti gbálẹ̀ látàárọ̀, ó ti wọ́n omi, ó ti kó páálí tó ya dànù. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá náà. Kò sí àlejò tó wọ ibẹ̀ rí.

Bàbá Oyèbísí wọlé. Ojú rẹ̀ gba ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, ó padà sísàlẹ̀. Ojú Hameedat ń tẹ̀ lé tirẹ̀, ó sì rí yàrá náà bí ẹni pé òun ò wọ ibẹ̀ rí. Wọ́n tò lórí ara wọn láti ilẹ̀ dé àjà, ìrù ká, ẹnu dì, olúkúlùkù kẹ̀yìn sí ẹnìkejì. Gbogbo wọn ló dúdú bí ìdí ìkòkò. Àtẹ ìyá rẹ̀ ló rí. Àyàfi pé àwọn yìí ṣì ń mí.

"Mélòó ló kú lóṣù yìí?"

"Mẹ́rin, sà."

"Kí lẹ fi òkú wọn ṣe?"

"Mo sin wọ́n."

"Ẹ fi hàn mí."

Wọ́n jáde sí ẹ̀yìn ilé. Hameedat nawọ́ sí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Bàbá tẹ̀ ba nídìí ògiri, ó ń fìka ka òkúta. "Mẹ́fà nìyí. Mẹ́rin lẹ pè é fún mi."

Kò sí bí Hameedat ṣe fẹ́ ṣe é. Ó sọ̀rọ̀ Wonder fún un, ó sọ ti kútẹ́ẹ̀sì àti ìlérí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ó sọ ti àtẹ Fàsílátù. Kó tó sọ ọ́ tán, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ná yín, ẹ kó méjì fún un," ni bàbá wí. "Èmi ò ná yín, ẹ lé mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó kàn ń wọn pákó, kó lè mọ bó ṣe gùn tó. "Ẹ lọ gbé e wá."

Ó gbé Àdùkẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó ti fi ẹ̀ka igi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Aṣọ funfun yẹn, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó ni, Hameedat ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Bàbá fa ìgò omi kékeré yọ lápò, ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n da ìdajì rẹ̀ sí ara ara rẹ̀, ó da ìyókù sórí ewé. Wọ́n dúró. Àdùkẹ́ yí ojú kan sókè, ó yí èkejì sẹ́yìn, ó ń wá àwọn tó kù, kò rí ẹnì kankan. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá na ọrùn, ó lá omi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá rẹ̀, dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ewé tútù ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Iye tí Hameedat pè lọ́jọ́ kìíní náà ni bàbá gbé kalẹ̀. Hameedat fẹ́ dá a padà, bí wọ́n ṣe máa ń dá owó orí padà níbi ìgbéyàwó, bàbá ní kó fi ra nẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun ò lè mú ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n òun ṣì lè kan ilé fún ìyókù, ọwọ́ òun ò tíì gbàgbé ìṣó.

Lẹ́nu géètì, ó yíjú padà.

"Kí n tó kan ilé wọn tán, màá máa wá wò wọ́n. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Mi ò sì ní sọ ọjọ́ tí mo máa wá."

"Ẹ máa bọ̀, sà," ni Hameedat wí. "Ilé ò tì."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ọ. Ohùn Wonder ni, ohùn gbogbo wọn ni, ó dùn létí, ó yọ̀. Ó mọ̀ pé bí ẹlòmíì bá dúró níwájú òun, tó sọ ọ́ fún òun báyẹn, òun ò ní gbà á gbọ́.